Sinimá Tí Ó Jóná Kí Ó Tó Parí

Dùùrù ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Kì í ṣe dùùrù ilé ìsìn, nítorí ọ̀sán Sátidé ni, ìjọ tí ń péjọ sí gbọ̀ngàn tí ó kọjú sí ilé wa ní Turffontein, ní ìlú Johannesburg, kò sì tíì ṣílẹ̀kùn. Dùùrù yìí ń gbọ̀n bí ẹni pé ibà ń ṣe ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hu, irú afẹ́fẹ́ tí etí tí ó bá gbọ́n yóò mọ̀ pé ẹnu ènìyàn ni ó ti ń jáde. Nígbà tí afẹ́fẹ́ náà rọlẹ̀, agogo kékeré kan dún, ó dákẹ́, ó sì tún dún.

Ẹ̀wà ni mo ń ṣà lórí itan mi. Ọwọ́ mi dúró sínú àwo. Mo ti gbọ́ agogo yẹn rí, nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ní ìlú kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, n kò sì retí pé n óò tún gbọ́ ọ kí wọ́n tó gbé mi sin.

Ọmọ ọmọ mi, Ìdùnnú, ni ó jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan. Yunifásítì tí ó wà ní Auckland Park ni ó ń lọ, ẹ̀kọ́ nípa sinimá ni ó sì ń kọ́ níbẹ̀. Bàbá mi gbàgbọ́ pé iṣẹ́ mẹ́ta péré ni Ọlọ́run dá fún ẹni tí ó kàwé, ìyẹn olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti àlùfáà. Bí ó bá wà láyé, n kò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún un. Olùkọ́ Ìdùnnú ni ó ní kí wọ́n lọ wá sinimá àtijọ́ kan tí kò dára, ṣùgbọ́n tí ènìyàn kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tí ó fà á. Yorùbá ni mo fi ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń dá mi lóhùn. Ohunkóhun tí ẹ bá rí níhìn-ín pé ó sọ, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, tí mo wọṣọ fún un, kí n tó mú un wá síwájú yín.

Mo gbé àga mi sún mọ́ tirẹ̀. Ẹnu yà á, nítorí ó mọ̀ pé n kì í wo ohun tí ó bá ní ẹ̀rù nínú. Ìròyìn orílẹ̀-èdè yìí ti tó mi. Ó ní sinimá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ti pẹ́ gan-an, kò sí àwọ̀ kankan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkú sì wà níbẹ̀.

"Màmá, ẹ ò ní lè sùn o."

Mo sọ fún un pé kí ó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní mo ti rí ìdajì rẹ̀ rí, ìdajì kejì ni mo ti ń dúró dè láti ìgbà èwe mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ṣùgbọ́n lórí ìdajì tí a kò rí yẹn ni ọ̀rẹ́ mi gbé gbogbo ayé rẹ̀ lé, mo sì fẹ́ mọ̀, kí ojú mi tó dí, bóyá òtítọ́ ni ohun tí ó gbé e lé.

Ẹ̀yin èwe, agboolé wa kò sí mọ́. Ilé alájà méjì aláwọ̀ ìyeyè kan ni ó wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n ní èèyàn kan tí ń gbé ní Ìbàdàn ni ó kọ́ ọ. Nígbà tiwa, àgbàlá kan tí ó tẹ́jú ni ilé yí ká, àgbá omi òjò dúró sí igun kọ̀ọ̀kan, igi ọsàn kan sì wà láàrin tí kì í so ju èyí tí àwọn ẹyẹ lè jẹ lọ. Òórùn ibẹ̀ ni mo máa ń wá kiri nínú àpótí mi bí mo bá ṣí i: òórùn koríko tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí wẹ́wẹ́, nítorí ẹní híhun ni iṣẹ́ ìyá àgbà tí ó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ wa. Ìyá Ẹlẹ́ní ni gbogbo ìlú ń pè é. Kò sí ìgbéyàwó tàbí ìkómọ tí wọn kì í tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún, bákan náà ni ó rí fún ìsìnkú.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n bí wa. Síléètì kan ni a jọ ń lò, èmi ń kọ sí ojú kan, òun ń kọ sí ojú kejì. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ fún un, a máa gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹyẹlé tí ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀, tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀. Ó gbọ́n jù mí lọ ní ìṣirò. Mo sàn jù ú lọ ní ìwé kíkà, mo sì máa ń rán an létí.

Ìyá rẹ̀ jẹ́ obìnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń wọlé ṣáájú òun fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti odò bọ̀, àwa tí a wà ní àgbàlá á ti gbọ́ ẹ̀rín náà láti ẹ̀yìn ilé, a ó sì ti máa rẹ́rìn-ín kí a tó mọ ohun tí ó pa á lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, nígbà ọyẹ́, ó rọbí, òun àti ọmọ inú rẹ̀ sì jọ lọ. Bí ó ti jẹ́ àṣà wa pé kí a má jẹ́ kí ọmọdé rí òkú abiyamọ, wọ́n kó gbogbo àwa ọmọ lọ sí agboolé mìíràn. Nígbà tí a fi padà, wọ́n ti gbá ilẹ̀, wọ́n ti da omi sí i, ilé ti dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kò rí òkú, kò rí ibojì. Ohun tí ó rí kò ju pé ìyá rẹ̀ kò sí nílé.

Ẹ̀yin tí a bí sí òkèèrè lè má mọ ohun tí à ń pè ní àkúdàáyà. Àwọn àgbà wa sọ pé ẹni tí ó bá kú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé kì í lọ sí ọ̀run lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìlú jíjìnnà kan ni ó máa ń lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, yóò gba ilé, yóò ṣòwò, yóò máa bá ìyókù ọjọ́ rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ará ilé rẹ̀ bá ṣèèṣì bá a pàdé, tí ó sì pe orúkọ rẹ̀, ó parí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, yàrá rẹ̀ yóò ti ṣófo, yóò sì ti ṣí lọ sí ìlú mìíràn tí ó tún jìnnà jù ú lọ. Ìtàn yìí ni Ìyá Ẹlẹ́ní fi ń tu ọmọ náà nínú nígbàkúùgbà tí ẹkún bá gbé e. Èmi náà máa ń jókòó gbọ́ ọ, ọmọ Sọ́ọ̀ṣì ni mí, mo sì mọ̀ pé Kátíkísímù kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún kan náà ni ọkọ̀ sinimá ìjọba dé. Ọkọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ó máa ń wá, sinimá kan náà ni ó sì máa ń gbé wá: ti ọkùnrin kan tí ó gbẹ́ ṣáláńgá fún àwọn ará ilé rẹ̀. A ti mọ ọkùnrin náà débi pé bí ó bá ti gbé ọkọ́ báyìí, àwọn ìyá á kí i pé ó kú iṣẹ́, wọn a sì bínú díẹ̀ pé kò dáhùn. Ọ̀sán ni wọ́n fẹ́ ṣe é lọ́dún yẹn, nítorí ọkọ̀ náà ní láti dé ìlú mìíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n kó àwọn ẹní Ìyá Ẹlẹ́ní, wọ́n fi wọ́n bo gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wa, gbogbo ibẹ̀ sì ṣókùnkùn, ó ń rùn bí oko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.

Tíṣà tí ń kọ́ kíláàsì kẹrin ni ògbufọ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ máa ń dé orókùn, ó sì fẹ́ràn èdè Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn eegun ẹran: kò lè fọ́ ọ tán, kò sì jẹ́ gbé e sílẹ̀. Yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ funfun náà pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, yóò máa túmọ̀ ohun tí àwọn òyìnbó ń sọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le rí, nítorí ọkùnrin ṣáláńgá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ṣùgbọ́n agolo fíìmù mìíràn ni awakọ̀ ṣèèṣì gbé lọ́jọ́ náà. Dípò ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, dùùrù tí ń gbọ̀n ni a gbọ́. Awakọ̀ fẹ́ pa á, gbogbo gbọ̀ngàn figbe ta. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ kò sí nítòsí láti pàṣẹ, nítorí náà, ó fi í sílẹ̀.

Ilé ńlá kan wà lórí àpáta létí òkun. Ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ dúdú ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, tí ó tó ẹgbẹ́ wa. Ìyá ọmọ náà ti bómi lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, agogo ẹnubodè á dún láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, ìyá náà á sì yọ sí ojú fèrèsé nínú aṣọ funfun. Àwa tí a kò wo sinimá rí ju ti ṣáláńgá lọ pàápàá rí i pé àṣìṣe pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, ògiri á mì láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí aṣọ tí a sá. Òwìwí kan fò kọjá, gbogbo ènìyàn sì rí okùn tí wọ́n fi so ó. Àgbẹ̀ kan béèrè láti ẹ̀yìn pé irú afẹ́fẹ́ wo ni ó ń wó igi tí kò gbé fìlà.

Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó dìde. Ojú obìnrin yẹn ni. Nígbà tí ó bá súnmọ́ fèrèsé, ojú rẹ̀ a máa tóbi títí yóò fi kún gbogbo aṣọ, yóò sì máa wo ọmọ náà bí ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí a kò fún ní àyè. Ẹni tí ó ṣe sinimá yẹn kò mọ ilé kọ́, kò mọ bí òwìwí ṣe ń fò. Ojú yẹn nìkan ni ó mọ̀ ọ́n yà, ìyẹn nìkan sì tó láti mú wa jókòó.

Níbi fèrèsé yẹn ni Tíṣà ti sọ ohun tí ó sọ. Ó na ọ̀pá sí ẹnu obìnrin náà, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó ní obìnrin náà ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun kò lọ sí ọ̀run; ìlú mìíràn ni òun ń gbé, inú òun dùn níbẹ̀, òun sì fẹ́ padà wá máa bá a gbé, ṣùgbọ́n pípè ni kì í jẹ́ kí òun dúró. Bí ọmọ náà bá lè rí òun kí ó má pe òun, òun yóò dúró. Àwọn ìyá mí kanlẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ní mi orí bí ẹni tí ẹlẹ́rìí tí ó ti òkè òkun wá jẹ́rìí gbè é.

Ọ̀rẹ́ mi dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò gbà pé ó mọ̀ pé òun dìde. Ojú obìnrin náà ti kún gbogbo aṣọ, ọ̀rẹ́ mi sì pè é, kì í ṣe pẹ̀lú ariwo, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tí ó ń retí lẹ́nu ọ̀nà:

"Yèyé."

Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ẹ̀rọ há. Ojú náà dúró, ihò pupa kan là sí àárín iwájú orí rẹ̀, ihò náà fẹ̀, ó jẹ imú, ó jẹ ẹnu, títí kò fi ku nǹkan kan bí kò ṣe aṣọ funfun àti òórùn ohun tí ó jóná. Awakọ̀ ń sọ pé fíìmù náà ti gbẹ, pé iná ẹ̀rọ gbóná jù. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ tirẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wí pé ẹ ò rí i, wọ́n pè é, ó ti lọ. Ìyá Ẹlẹ́ní fa ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"A kì í pè wọ́n, ọmọ mi," ó ní. "Wíwò ni à ń wò wọ́n."

Kò sí agolo kejì tí ó ṣeé wò mọ́. Ọkọ̀ lọ, wọ́n sì ká àwọn ẹní. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni a fi ń jiyàn bí sinimá náà ì bá ti parí. Àwọn ọmọkùnrin ní òkun gbé gbogbo wọn lọ. Èmi sọ pé àlùfáà kan wá gbàdúrà, nítorí pé ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kò jiyàn. Ó ní ọmọ náà kọ́gbọ́n ni, kò pè é mọ́, ìyá rẹ̀ sì dúró. Ó lọ bá Tíṣà ní ọ́fíìsì láti bi í bóyá òtítọ́ ni obìnrin náà sọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́. Tíṣà tún ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ fà sókè, ó ní bí òun ṣe túmọ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí, òun kò fi kún un, òun kò yọ kúrò.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ṣe ń wo ènìyàn láìpè é. Bí mo bá ń bọ̀ láti odò, á dúró sẹ́yìn igi ọsàn, á gbé orí sí ẹ̀gbẹ́, á máa wò mí títí n ó fi kọjá. Bí àwọn ará ilé bá ń bọ̀ láti oko, á pa ẹnu mọ́, kò ní kí wọn, wọn a sì ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe.

"Èmi ni mo lé e lọ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò ní pè é mọ́. Bí mo bá rí i, màá kàn dúró, màá wò ó."

Mo sọ ọ́ fún Ìyá Ẹlẹ́ní lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyá àgbà náà kò gbé ojú kúrò lórí ẹní. Ó ní ọmọ náà gbọ́n.

Nígbà Kérésì, àwọn òṣómàáló wa dé láti àjò. Ẹ̀yin èwe, àwọn ọkùnrin wa tí ń ru aṣọ kiri gbogbo ilẹ̀ ni à ń pè bẹ́ẹ̀, kò sí ìlú tí wọn kò dé. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó ti ń ta aṣọ ní Òkè Ọya, jókòó sí àgbàlá wa pẹ̀lú ẹmu lọ́wọ́, ó ń dárò olóògbé. Ó ní nígbà kan, ní ìdíkọ̀ réluwé kan ní òdìkejì odò Ọya, òun gbọ́ ẹ̀rín obìnrin kan tí kò yàtọ̀ sí ti ìyàwó ilé wa rárá. Ọkọ̀ ti ń lọ, òun kò ráyè rí ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyìn lásán ni. Ohun tí ó fẹ́ sọ kò ju pé irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Mo rí i tí ọ̀rẹ́ mi gbé orí sí ẹ̀gbẹ́.

Lẹ́yìn tí ọdún wọlé, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù tí ń ra ẹní wá, mo jí bá síléètì wa lẹ́nu ọ̀nà mi. Ọ̀rẹ́ mi ti nù ún mọ́ ní ojú méjèèjì. Aṣọ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ àti ẹní tuntun kan ni ó mú lọ. Awakọ̀ náà sọ lẹ́yìn náà pé òun gbé e dé Jẹ́bà, nítorí pé ó ní ibẹ̀ ni ìyá òun ti máa pàdé òun, ó sì sọ ọ́ láìbẹ̀rù débi pé òun kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi lọ. Àwọn ọkùnrin agboolé lọ. Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan rí ọmọ kan pẹ̀lú ẹní lórí lẹ́bàá afárá. Lẹ́yìn afárá, kò sí ẹni tí ó rí i mọ́, títí di òní tí mo ń kọ ìwé yìí.

Ìyá Ẹlẹ́ní kò sunkún bí àwa ti sunkún. Ó ń hun ẹní títí ojú rẹ̀ fi fọ́, nígbà tí ojú fọ́ tán, ó ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà hun ún. Òfin kan ṣoṣo ni ó fi lélẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe orúkọ ọmọ náà nínú agboolé mọ́. Ó ní kò sí ẹni tí ó mọ ipò tí ó wà. Bí ó bá wà láàyè, àìpè kò pa á lára. Bí kò bá sí láàyè, pípè ni yóò lé e jìnnà, ó sì lè jẹ́ ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an ni ó wá dúró lẹ́yìn igi ọsàn. Bàbá mi, tí ó jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọ, ní ìbọ̀rìṣà ni. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí òun náà pe orúkọ náà mọ́.

Gbogbo èyí ni mo gbé jókòó ti kọ̀ǹpútà ọmọ ọmọ mi ní Turffontein, tí ariwo àwọn tí ń wo eré ẹṣin ń gba ojú fèrèsé wọlé láti pápá. Ẹ̀rù ń bà mí kí iná má lọ, bí ó ti máa ń lọ ní ìlú yìí. Ìdùnnú ní kí n fọkàn balẹ̀, bátìrì kún. Ògiri mì. Òwìwí fò tòun ti okùn rẹ̀. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Nígbà tí ó di ibi fèrèsé, mo ní kí ó gbé ohùn rẹ̀ sókè. Mo tẹ́tí. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sí ohùn òyìnbó tí ó lè sá mọ́ mi lọ́wọ́.

Obìnrin náà kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń hu, agogo dún, ó sì ń wo ọmọ náà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tíṣà dúró ní iwájú gbọ̀ngàn tí ó kún fún àwọn tí ń dúró de ọ̀rọ̀, obìnrin náà kò sì fún un ní ọ̀kan, nítorí náà ó wá tirẹ̀ fún un. Bóyá ó rí ọ̀rẹ́ mi láàrin èrò. Bóyá àánú ni. N kò lè bínú sí i. Ó ti kú tipẹ́, èmi náà ti dúró níwájú kíláàsì rí.

Ojú náà tóbi. Mo di apá àga mú ní ibi tí ó ti jóná lójú wa. Kò jóná. Ó kọjá ibẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí, sinimá náà sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ìdajì kejì kò gùn. Obìnrin ojú fèrèsé kì í ṣe òkú: ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà ni, tí ó fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ wọn. Aṣọ òkú ni ó wọ̀, ìyẹ̀fun ni ó fi kun ojú, okùn ni ó so mọ́ agogo, kí ọmọ náà lè ya wèrè. Ọlọ́pàá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò lẹ̀ dáadáa tú àṣírí rẹ̀. Ó sá, ó ré bọ́ láti orí àpáta, gbogbo ènìyàn sì rí i pé ọmọlángidi tí wọ́n fi aṣọ wé ni wọ́n jù. Bàbá gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Dùùrù dún. Ó parí.

"Eish, Màmá," Ìdùnnú ní, "ìyẹ̀fun ni gbogbo ẹ̀. Wọ́n fi ojú yẹn ṣòfò."

Láti pápá eré ẹṣin, igbe ńlá kan dìde, ó sì rọlẹ̀. Bí ẹ̀rọ kò bá há lọ́jọ́ yẹn, bí ó bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i ṣiṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi ì bá rí ìyẹ̀fun náà. Ì bá sunkún pẹ̀lú ìjákulẹ̀, Ìyá Ẹlẹ́ní ì bá kẹ́gàn àwọn òyìnbó pé wọn kò bẹ̀rù ohun tí ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù, a ì bá padà sílé lọ kọ ìṣirò sí ojú méjèèjì síléètì. Ì bá jẹ́ ìyá àgbà lónìí, orí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí yóò máa pè mí lórí fóònù láti Iléṣà láti wí pé mo ti di ará Johannesburg. N kò rí ìtùnú kankan nínú èyí, n kò sì ní purọ́ fún yín pé mo rí.

Ẹ̀yin kò mọ ohun tí ó jẹ́ kí sinimá jóná lójú ènìyàn. Tiyín kì í jóná. Ẹ lè dá a dúró, ẹ lè dá a padà, ẹ lè fi ìka kan mú kí òkú tún yọ sí fèrèsé ní iye ìgbà tí ó bá wù yín. Mo ní kí Ìdùnnú dá obìnrin náà dúró fún mi níbi tí ojú rẹ̀ ti kún gbogbo gíláàsì, ó sì dúró síbẹ̀. Mo ti mọ̀ báyìí pé ìyẹ̀fun ni. Ojú náà kò yí padà. Ó ṣì ń wò bí ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí a kò fún ní àyè, kò sì sí ohun tí sinimá náà rí sọ nípa ìyẹn.

Nígbà tí ọmọ mi kọ́kọ́ mú mi wá sí ìlú yìí, tí ó mú mi lọ sí àárín ìgboro láti ra nǹkan ní àwọn ilé ìtajà ńlá, a dúró níbi róbọ́ọ̀tì, bí wọ́n ti ń pe iná ojú pópó níhìn-ín, èrò tí ó ti ibi gbogbo wá ń rọ́ kọjá, kò sí ẹni tí ó mọ ẹnìkejì rẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé irú ìlú tí àwọn àkúdàáyà máa ń wá nìyí. Láti ìgbà náà, n kì í kọjá níbẹ̀ kí n má wo orí àwọn arúgbó obìnrin, bí wọ́n ṣe gbé e. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Olùdarí ẹ̀kọ́ Bíbélì ni mí nínú ìjọ mi.

Mo sọ ìtàn náà fún Ìdùnnú ní ọ̀sán yẹn, gbogbo rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun yóò fi í sínú iṣẹ́ tí òun fẹ́ fún olùkọ́ òun, bí mo bá gbà. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ó sì bi mí, ní Yorùbá, èyí tí kì í ṣe àṣà rẹ̀:

"Màmá, kí ni orúkọ ọ̀rẹ́ yín yẹn?"

Obìnrin náà ń wò wá láti inú gíláàsì. Orúkọ náà wà lórí ahọ́n mi, ó pé pérépéré, kò sí ìró kan tí ó sọnù nínú rẹ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí. Onígbàgbọ́ ni mí. Mo kàwé. Mo ti rí ìdajì kejì.

N kò pè é.